Ìwé Ẹ̀bẹ̀ láti Òde Mahin lórí Owó Tí Yóò Dá Òkun Dúró

Òde Mahin,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Lucky Orimisan Aiyedatiwa,
Ọ́fíìsì Gómìnà, Alágbàká, Àkúrẹ́.

Ọlọ́lá Jùlọ,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ OWÓ ÌDÁÀBÒBÒ ETÍKUN ÌLÀJẸ MÁ ṢE PARẸ́ SÍNÚ GBÈSÈ ÀRÙN KÒRÓNÀ

  

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni apẹja, obìnrin tí ń yan ẹja, awakọ̀ ojú omi, olùkọ́, ọ̀dọ́ àti arúgbó tí a ń gbé ní Òde Mahin àti ní àwọn ìletò tó lọ títí dé etí òkun. Ọmọ Obe-Nla ní Ìlàjẹ ni ẹ̀yin fúnra yín, nítorí náà kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ yín ní ohun tí omi lè ṣe. Ọ̀rọ̀ owó ni a gbé wá. Nílé àti lókè òkun, oríṣiríṣi owó wà tí wọ́n ní àwọn yà sọ́tọ̀ fún irú wàhálà tó dé bá wa. Owó náà ní orúkọ, ó ní òfin, ó ní àjọ tó ń bójú tó o. Ohun tí kò ní ni ọ̀nà tí yóò gbà dé etí omi. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá wa la ọ̀nà náà.

ÌLẸ̀ TÍ A Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀

Ilẹ̀ yìí níyì lójú ayé rí. Ní ọdún 1885, oníṣòwò Jámánì bá Amapetu, ọba Mahin, ṣe àdéhùn lórí etíkun Mahin, ìjọba Jámánì sì gbé àsíá rẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Orílẹ̀-èdè ńlá méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́ títí Jámánì fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ilé wọn wà lókè òkun ka etí omi yìí sí ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ jiyàn. Àwa tí ilé wa wà níbẹ̀ kò lè kà á sí ohun tí ó yẹ kí á jókòó máa wò bí ó ti ń lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ náà mọ orúkọ wa. Bí wọ́n bá pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin nínú ìwé wọn, Mahin ni wọ́n fi ń pe ìpín tó jẹ́ ẹrẹ̀. Níbòmíràn, yanrìn ni ìgbì ń bá jà, yanrìn sì lè lọ ní ọdún yìí kó padà ní àmọ́dún. Tiwa kì í ṣe yanrìn. Ẹrẹ̀ tí ìgbì bá ti fọ̀ lọ kì í sábà padà wá. Gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́, òkun gbogbo ayé ga sí i ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láàárín 1901 sí 2018. Níbi tí ilẹ̀ bá ga, èyí lè dà bí ohun kékeré. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tiwa, ilé àti ọ̀nà ni omi ń tipa rẹ̀ gbà. Àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ kí ọkọ̀ iṣẹ́ epo lè kọjá tún wá dá kún un. Ní ìhà Awoye, omi iyọ̀ gba ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ wọlé, ó sì pa igbó tó ń fi gbòǹgbò di ẹrẹ̀ mú.

Ayétòrò ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ ìlú náà dó ní 1947, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀, aṣọ àti bàtà. Lónìí, òpópónà tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó rìn wà lábẹ́ omi, pẹ̀lú ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ayétòrò nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ìletò kékeré ló wà ní etí òkun kan náà tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn.

Òde Mahin kò sí ní ojú òkun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wá. Ẹni tí ìgbì bá wó ilé rẹ̀ ní òru, ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní òkè ló ń gbé ẹrù àti ọmọ lọ. Àwọn mìíràn a gba Èkó lọ, sí Mákókò, wọ́n a tún kọ́ ilé mìíràn lórí omi. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí etíkun bá tán, àwa ni etíkun tó kàn.

OHUN TÍ ÀRÙN KÒRÓNÀ FI HÀN WÁ

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin tó parí, ó ti dé Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, wọ́n sì dá ìrìnnà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì dúró títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọjà Igbokoda. Oníbàárà tó ń ti Èkó àti ìlú mìíràn wá ra ẹja kò lè kọjá. Ẹja yíyan kò ní ẹni tí yóò rà á, bẹ́ẹ̀ ni igi tí a fi yan án àti epo tí a fi wa ọkọ̀ ti jẹ owó. Wọ́n ní kí á máa fi omi mímọ́ fọ ọwọ́. Omi ló yí wa ká, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni.

Nínú oṣù mélòó kan yẹn, a rí ohun kan tí a kò rí rí. Ìjọba àpapọ̀ kéde 500 bílíọ̀nù náírà láti fi kojú àrùn náà. Àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá dá ju 20 bílíọ̀nù náírà lọ sí àpò tiwọn fún iṣẹ́ kan náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, IMF, àjọ owó àgbáyé, fọwọ́ sí 3.4 bílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba pe bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti buwọ́ lù padà, wọ́n sọ iye tí wọ́n fojú sọ́nà pé wọn yóò ta àgbá epo kan di 28 dọ́là láti orí 57, wọ́n sì buwọ́ lu òmíràn tó jẹ́ 10.8 tírílíọ̀nù náírà nínú oṣù Keje. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

A kò jowú owó náà. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ní kí wọ́n fi gbà là, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí àwọn tó wà ní ipò bá ti gbà pé ewu ti dé ẹnu ọ̀nà, owó kì í pẹ́ jáde, òfin kì í sì í pẹ́ yí padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ti Ayétòrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun ìlú náà fún agbaṣẹ́ṣe. Ní 2009, wọ́n tún gbé e jáde fún ẹlòmíràn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ náà ti di ẹni tó lè bímọ, a kò sì tíì rí ògiri tó dá òkun dúró.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2020 kan náà, nígbà tí gbogbo ayé dojú kọ àrùn, kànga epo Ororo-1 bú jáde lójú òkun ìhà Awoye, ó sì gbiná. Iná náà jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn apẹja wa ń rí i lálẹ́ lórí omi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Àrùn ń lé wọn kúrò lọ́jà, iná ń lé wọn kúrò lójú òkun, omi ń lé wọn kúrò nílé, lẹ́ẹ̀kan náà.

Àrùn lọ, ó fi gbèsè sílẹ̀. Ní ìparí 2019, gbogbo gbèsè Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 27.4 tírílíọ̀nù náírà. Ní ìparí 2021, ó ti di 39.56 tírílíọ̀nù. Lọ́dún 2021, ohun tó ju ìdajì owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ ni wọ́n fi ń san gbèsè. Láti ìgbà náà, ìdáhùn kan ni à ń gbọ́ ní gbogbo ọ́fíìsì tí a bá kàn sí: ẹ ní sùúrù, owó kò sí. A gbà pé gbèsè pọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ṣeé san ní ọdún mẹ́wàá, ó ṣeé sún síwájú, ó ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Ilẹ̀ tí òkun bá gbé lọ kò ní ọjọ́ ìdápadà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kò yẹ kí iṣẹ́ etíkun wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nígbà tí owó bá dínkù.

IBI TÍ OWÓ WÀ ÀTI IBI TÍ Ó TI Ń DÚRÓ

Ní ilé, a mọ owó mẹ́rin ó kéré tán. Èkíní ni Owó Àjálù Àyíká tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, tí wọ́n ń yọ láti inú àpò àpapọ̀. Èkejì ni ìdá 13 nínú 100 owó epo, ó kéré tán, tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí wọ́n dá padà fún ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo. Nínú èyí tó bá kan Oǹdó, òfin ya ìdá 40 nínú 100 sọ́tọ̀ fún OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè elépo, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ẹ̀kẹta ni ti NDDC, tí òfin ọdún 2000 gbé kalẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àpò tí òfin àyípadà ojú ọjọ́ dá sílẹ̀, òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2021.

Ìṣòro kan wà nínú èyí tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Orí epo ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọ̀nyí dúró lé. Bí epo bá já wálẹ̀ bó ti já ní 2020, àpò tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ òkun á gbẹ ní ọdún náà gan-an. Bí epo bá sì tà dáadáa, èéfín rẹ̀ ló ń mú kí ayé gbóná, kí òkun sì máa ga. Àlàáfíà wa kò lè dúró lórí owó tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí láìsí ìpamọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 2017, ó ta bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé àkọ́kọ́, 10.69 bílíọ̀nù náírà, ó sì tún ta ti 15 bílíọ̀nù ní 2019. Iṣẹ́ iná oòrùn àti igi gbígbìn wà lára ohun tí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ṣe. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni bọ́ǹdì, ẹni tó rà á ń retí èrè. Iná oòrùn lè mú owó wọlé. Ògiri tó dá ìgbì dúró kì í tà, kì í rà. Ní Èkó, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn Ògiri Ńlá tí wọ́n fi dènà òkun ni wọ́n ń tà fún olówó. Kò sí olówó tí yóò ra ẹrẹ̀ Mahin. Nítorí náà, ẹ̀bùn àti owó ìlú ló lè ṣe iṣẹ́ wa, ẹ̀yáwó olówó-èlé kò lè ṣe é.

Lókè òkun, ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí pé tó bá di 2020 àwọn yóò máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn tí kò lọ́rọ̀ láti fi kojú àyípadà ojú ọjọ́. Kòrónà dé, ìpàdé ńlá lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow yẹ̀ lọ sí ọdún tó tẹ̀lé e, ìlérí náà kò sì pé títí di 2022. Ní Íjíbítì, lọ́dún 2022 kan náà, wọ́n fẹnu kò láti dá àpò sílẹ̀ fún àwọn tí àyípadà ojú ọjọ́ ti ba ohun ìní wọn jẹ́. Ní Dubai, ní 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí owó sínú rẹ̀. Jámánì, tó gbé àsíá lé etíkun Mahin ní 1885, ṣèlérí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní Baku, ní 2024, wọ́n ní iye tí àwọn yóò máa kó jọ lọ́dọọdún yóò di 300 bílíọ̀nù tó bá fi máa di 2035. Èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń tú sí ojú ọ̀run kò tó ìdá 4 nínú 100 ti ayé. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè nínú owó yìí kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló béèrè.

Àwọn aládùúgbò wa ti béèrè. Ní 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní WACA fún Benin, Tógò, Ivory Coast, Senegal, Mauritania àti São Tomé. Ní 2022, Gana, Gambia àti Guinea-Bissau wọlé. Láti Agbodrafo ní Tógò títí dé Grand-Popo ní Benin, òkun kan náà tó ń jẹ wá ni wọ́n ń fi òkúta àti yanrìn bá jà. Nàìjíríà, tí etíkun rẹ̀ gùn ju ti àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí nínú orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án yìí.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Nítorí gbogbo èyí, Ọlọ́lá Jùlọ, a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé:

1. Kí ẹ ya àpò kan ṣoṣo sọ́tọ̀ nípa òfin fún ìdáàbòbò etíkun Ìlàjẹ. Kí ìpín kan pàtó láti inú owó OSOPADEC àti owó àjálù àyíká ti ìpínlẹ̀ máa wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ pamọ́ ní ọdún tí epo bá tà, fún ọdún tí kò bá tà. Kí òfin náà sọ pé àjálù mìíràn, ìbáà ṣe àrùn, kò lè kó owó náà lọ.

2. Kí iṣẹ́ náà jẹ́ ti gbogbo etíkun, láti Araromi títí dé Awoye. Àwọn ẹnjiníà mọ̀ pé ògiri tí wọ́n bá mọ sí iwájú ìletò kan ṣoṣo lè darí ìgbì sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò fẹ́ ìgbàlà tí yóò mú kí aládùúgbò wa rì.

3. Kí ẹ bá wa gba ìròyìn iṣẹ́ 2004 àti ti 2009 lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe, ibi tó dúró sí. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ 13,777 tí NDDC gbé jáde, wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ lélẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án 2021. Kí wọ́n jẹ́ kí á mọ ohun tí ó sọ nípa ilẹ̀ wa kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ mìíràn fún ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n bá gbà láìṣiṣẹ́, kí wọ́n dá a padà sí etíkun.

4. Kí ẹ kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Àyípadà ojú ọjọ́ ti orílẹ̀-èdè ní Abuja, kí Nàìjíríà béèrè ààyè nínú WACA, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ lọ síwájú àpò àwọn tí àyípadà ojú ọjọ́ ti ba ohun ìní wọn jẹ́. Kí ìpínlẹ̀ gba onímọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí a gbọ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣubú. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀bùn la fẹ́. Gbèsè kòrónà ti tó.

5. Kí ẹ pèsè ilẹ̀ fún àwọn tí ilé wọn ti lọ, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, nítòsí omi tí wọ́n ti lè pẹja, pẹ̀lú omi mímu, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n bá àwọn fúnra wọn jókòó kí wọ́n tó yan ibẹ̀.

6. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iná Ororo-1 ṣe sí omi, ẹja àti ìlera wa, kí wọ́n sì san ohun tó bá tọ́ fún àwọn apẹja.

7. Kí wọ́n máa lẹ ìṣirò owó àpò náà mọ́ ara ògiri ní ọjà Igbokoda, ní Òde Mahin àti ní Ugbo ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, kí ìyá tó ń yan ẹja lè kà á tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kí obìnrin àti ọ̀dọ́ ìletò etíkun wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa wo iṣẹ́ náà.

Ní tiwa, a ṣetán láti fi ọwọ́ wa ṣiṣẹ́. A ó gbin igi etí omi padà síbi tí ẹrẹ̀ bá ti dúró, a ó ṣọ́ òkúta tí wọ́n bá kó wá kí ẹnikẹ́ni má jí i, a ó sì yọ̀ǹda ọkọ̀ àti ìmọ̀ wa nípa ìgbì fún ẹnjiníà tó bá wá. A kò tíì dúró de ìjọba fún ohun tí agbára wa ká. Ògiri òkun ni kò ká.

Ọlọ́lá Jùlọ, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ etí omi ló jókòó ní Alágbàká báyìí, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́. Ìjọba Nàìjíríà fi oṣù mẹ́rin wá owó kòrónà. A ti fi ogún ọdún ó lé retí owó òkun. A bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run àti ní orúkọ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí: ẹ má jẹ́ kí á tún gbọ́ pé owó kò sí. Ẹ dá wa lóhùn ní àsìkò tí ilẹ̀ ṣì wà láti dáàbò bò.

Àwa tiyín nínú ìrẹ̀lẹ̀,

Àwọn apẹja, àwọn obìnrin olùyan-ẹja, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà,
Òde Mahin àti àwọn ìletò etíkun rẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé yìí lọ sí ọ̀dọ̀:
Kábíyèsí, Amapetu ti Mahin;
Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó;
Alága OSOPADEC;
Ọ̀gá Àgbà NDDC;
Ìgbìmọ̀ Àyípadà Ojú Ọjọ́ ti Orílẹ̀-èdè, Abuja.